Eugène Marais: Akéwì tó wá orísun ìfẹ́ abiyamọ lọ sínú ilé ikán

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1936, ọkùnrin ẹni ọdún 65 kan kú ní oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Pelindaba, nítòsí ìlú Pretoria, lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Agbẹjọ́rò ni, akọ̀ròyìn ni, akéwì sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì máa dárúkọ rẹ̀ títí di òní ni pé ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìnàkí àti ikán, ó ń wo bí akọ àti abo wọn ṣe ń rí ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ.

Eugène Marais ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan tó gbà á lọ́kàn ni pé, kí ló ń mú òbí jìyà nítorí ọmọ? Ìdáhùn tó mú wá ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ó ní ìrora ìrọbí ni ilẹ̀kùn tí ìfẹ́ ìyá ń gbà wọlé, àti pé níbi tí kò bá ti sí ìrora, ìfẹ́ náà kì í sí.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu Marais ju bí ó ṣe lè wúwo lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Ikú abiyamọ ti wọ ilé tirẹ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrú oògùn tí wọ́n ṣe láti lé ìrora lọ.

Ta ni Eugène Marais?

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1871 ni wọ́n bí Eugène Nielen Marais ní Pretoria. Àbígbẹ̀yìn ni nínú ọmọ mẹ́tàlá. Boer ni àwọn òbí rẹ̀, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun tí baba ńlá wọn ti Yúróòpù wá, tí wọ́n sì ń sọ èdè tí a mọ̀ sí Afrikaans lónìí. Ó kàwé ní Pretoria, Boshof àti Paarl. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà ló sì fi kọ àwọn ewì rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n rí wúrà ní òkè Witwatersrand lọ́dún 1886. Láàárín ọdún mélòó kan, ìlú Johannesburg hù bí olú lórí pápá tí kò jìnnà sí Pretoria, àwọn àlejò sì ya wọ ibẹ̀ láti gbogbo àgbáyé. Bí Ààrẹ Paul Kruger ṣe ń ṣàkóso owó wúrà náà, àti ẹ̀tọ́ tó yẹ kí àwọn àlejò ní, di ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé pòòyì ẹnu.

Inú awuyewuye yìí ni Marais ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó ti di olóòtú ìwé ìròyìn Land en Volk, nígbẹ̀yìn ó sì di oníǹkan. Kò fojúure wo Kruger àti àwọn tó yí i ká, ohun tó sì ń kọ nípa wọn gbóná débi pé wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn án. Ilé ẹjọ́ gíga dá a sílẹ̀.

Ikú tó tẹ̀lé ọmọ tuntun wọlé

Lọ́dún 1894, Marais gbé Aletta Beyers níyàwó, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Lettie. Kò pé ọdún kan tí ayọ̀ fi di ẹkún. Lettie bí ọmọkùnrin kan, ibà tó máa ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun láyé ìgbà náà sì kọlù ú. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ìbímọ ni ó kú. Iye ọjọ́ tí Yorùbá máa ń kà kí wọ́n tó kó ẹbí jọ láti sọ ọmọ lórúkọ ni Marais kà kó tó di opó.

Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni ó bí láyé. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́.

Morphine ti wọ̀ ọ́ lára nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Lásìkò náà, oògùn apàrora tí àwọn dókítà ń fúnni ni, kò sì tíì sí òfin líle lórí rẹ̀ bí ti òde òní. Láti ìgbà náà títí tó fi kú, ó ń gbìyànjú láti jáwọ́, oògùn náà sì ń fà á padà. Àwọn tó sún mọ́ ọn mọ̀ pé oorun kì í kùn ún, pé ìbànújẹ́ máa ń dé bá a lójijì, àti pé ó lè pòórá láwùjọ fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́dún 1897, ó gba Lọ́ńdọ̀n lọ. Ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó padà kọ́ ìmọ̀ òfin ní Inner Temple. Ogun láàárín àwọn Boer àti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a níbẹ̀ lọ́dún 1899, wọ́n sì kà á sí ọmọ ọ̀tá tí ojú gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ogun ń lọ sópin, ó bá àwọn ará Jámánì kan rìnrìn àjò gba ilẹ̀ tí àwọn Pọtogí ń ṣàkóso ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kí wọ́n lè kó oògùn àti ohun ìjà fún àwọn Boer. Ibà dá a gúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ogun sì parí lọ́dún 1902 kí ẹrù náà tó débi tó ń lọ.

Ilẹ̀ tó bàjẹ́ ló padà bá. Wọ́n ti sun oko, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àti ọmọdé Boer àti aláwọ̀ dúdú sì ti kú sínú àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí. Lọ́dún 1905, ó gbé ewì kan jáde nínú Land en Volk, ó pè é ní Winternag, ìyẹn alẹ́ ìgbà òtútù. Ewì kúkúrú lórí pápá jíjóná àti atẹ́gùn tútù ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ gbà pé òun ló ṣí ojú ewé tuntun fún ewì lédè Afrikaans. Ẹni tó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kéwì tẹ́lẹ̀ ti pinnu láti máa fi èdè abínibí rẹ̀ kọ̀wé. Ìpinnu náà yóò ná an ní ohun púpọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ọdún mẹ́ta láàárín àwọn ìnàkí

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Marais kó lọ sí Waterberg, ilẹ̀ olókè àti aginjù tó wà ní àríwá Pretoria. Àwọn ìnàkí pọ̀ níbẹ̀, irú àwọn tí ẹnu wọn gùn bí ti ajá, tí wọ́n máa ń jẹ̀ ní agbo ńlá, tí wọ́n sì máa ń sùn sórí àpáta lálẹ́.

Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ìnàkí ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí àwọn àgbẹ̀ máa ń yìnbọn fún wọn bí wọ́n bá ti yọjú. Ṣùgbọ́n ogun ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko, ìjọba tuntun sì ti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn Boer. Ọdún mélòó kan ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò yìnbọn fún àwọn ẹranko náà. Marais àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá a lọ kọ́ ahéré sítòsí ibi tí agbo kan ń sùn, wọ́n sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta nítòsí wọn, títí tí àwọn ìnàkí náà fi mọ́ wọn lójú.

Láyé ìgbà náà, inú àgò ni àwọn onímọ̀ ti sábà máa ń wo ẹranko, tàbí kí wọ́n pa á kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Marais jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ láyé tó jókòó ti ọ̀bọ níbi tí ó ń gbé, tó sì ń kọ ìṣe rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tó ń wá ni bí a ṣe lè mọ èyí tí ọmọ gbà láti inú ẹ̀jẹ̀ àti èyí tí òbí gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ó mú ọmọ ẹranko kan tó ń gbé etí odò, tí ẹja àti akàn jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní otter. Ó tọ́ ọ dàgbà níbi tí kò ti lè rí odò. Ó mú ọmọ ìnàkí kan náà, ó tọ́ ọ láàárín èèyàn. Nígbà tí àwọn méjèèjì dàgbà, ó kó wọn padà sí igbó. Kò pẹ́ tí otter náà débi omi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, tó sì ń pa ẹja jẹ bí ẹni pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Ìnàkí ní tirẹ̀ kò mọ èwo ni jíjẹ, kò mọ èwo ni májèlé, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á láàárín oúnjẹ.

Marais rí i níbẹ̀ pé bí ọpọlọ ẹranko bá ṣe pọ̀ tó ni ogún tó ń gbà láti inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dín kù, tí ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ òbí sì ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lọ́dọ̀ ìnàkí, ọmọ tí a kò kọ́ kò tilẹ̀ ní dàgbà débi tí yóò ti rí ilé tà.

Ọkọ àti aya tó bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀

Ikán ni ẹ̀kọ́ kejì tó gbajúmọ̀ lára iṣẹ́ Marais. Kò sí Yorùbá tó dàgbà sí abúlé tí kò mọ èsúnsún, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ tó máa ń tú jáde lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, tí àwọn ọmọdé máa ń fi iná àti abọ́ omi kó fún sísun jẹ. Ọmọge àti àpọ́n inú ilé ikán ni wọ́n. Ìrìn àjò ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ.

Marais jókòó ti ọ̀gán ní àsìkò yìí láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé abo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò, ì báà ṣe ibi kúkúrú, kó tó lè gba ọkọ. Bí ó bá balẹ̀, yóò bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ìdí sókè, yóò sì dúró jẹ́ẹ́ títí tí akọ kan yóò fi rí i. Akọ náà yóò bọ́ ìyẹ́ tirẹ̀. Abo á ṣíwájú, akọ á tẹ̀lé e, wọn á jọ wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, wọn á sì jọ gbẹ́lẹ̀ wọlé.

Nínú ihò yẹn, àwọn méjèèjì ni yóò tọ́ àwọn ọmọ wọn àkọ́kọ́. Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà tó iṣẹ́, àwọn ni yóò máa tọ́ àwọn àbúrò wọn, tí wọn yóò sì máa bọ́ òbí. Ìyá yóò wú títí tí kò fi ní lè rìn mọ́, yóò máa yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ikán ti yàtọ̀ sí oyin àti èèrà nìyí, nítorí pé nínú ti oyin àti èèrà, kété tí akọ bá ti ṣe iṣẹ́ ọkọ ni ikú rẹ̀ dé.

Marais gbà gbọ́ pé ilé ikán lódindi jẹ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo: àwọn òṣìṣẹ́ dà bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun wà fún ààbò, ọbabìnrin sì ni ọpọlọ. Ó ní bí ọbabìnrin bá kú, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ

Inú ìwé rẹ̀ lórí ikán yìí kan náà ni ó ti yà bàrá sí ọ̀rọ̀ ìrora. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹ̀dá tí kì í rọbí kì í sábà mọ ọmọ wọn, àti pé àwọn tó ń jẹ̀rora jù nígbà ìbímọ ni ìfẹ́ ọmọ máa ń mú jù.

Ó dán an wò lára agbo ẹran ìgbẹ́ kan, irú àgbọ̀nrín, tí iye wọn tó 60. Nínú agbo náà, ìyá kì í kọ ọmọ rẹ̀. Marais fi oògùn akunnilóorun fún mẹ́fà nínú àwọn aboyún wọn lásìkò tí wọ́n ń bímọ, kí wọ́n má baà mọ ìrora kankan lára. Nígbà tí wọ́n jí, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ ọmọ wọn. Ó tún fún àwọn mìíràn ní oògùn náà lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ tán, kí wọ́n tó rí ọmọ. Àwọn yẹn jí, wọ́n sì gba ọmọ wọn mọ́ra. Kì í ṣe oògùn fúnra rẹ̀ ló mú àwọn tàkọ́kọ́ kọ ọmọ nígbà náà. Nínú ìrònú Marais, àìjẹ̀rora ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Nílẹ̀ wa, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ẹni tí inú ń bí, òun náà ni a fi ń gégùn-ún fún ọmọ tó bá sọ ìyá rẹ̀ nù. A ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ lórí eékún yẹn tí kò ṣe é tú. Ohun tí Marais ṣe ni pé ó gbé ìgbàgbọ́ yìí lọ sí agbo ẹran kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àwọn ìwádìí lára àgùntàn ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé ohun tó rí kì í ṣe àlá. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ pa ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ara àgùntàn tó ń bí àkọ́bí, ó máa ń ṣòro fún un láti gba ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ìrora kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọmọ ṣe ń la ọ̀nà kọjá ni iṣan ń jẹ́ iṣẹ́ dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin jáde, òun ni yóò jẹ́ kí ìyá gba òórùn ọmọ rẹ̀ wọlé. Oògùn tó dí ọ̀nà ìrora ti dí ọ̀nà iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ti èèyàn sì tún yàtọ̀. Àìmọye obìnrin ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí wọn, tí ìfẹ́ ọmọ wọn kò sì dín kù, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ ṣe lè fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló lóyún rẹ̀.

Àwọn tó fi ìṣirò ayò dáhùn ìbéèrè rẹ̀

Marais mọ ohun tó ń so òbí mọ́ ọmọ dé ibì kan, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìdí tí akọ kan fi ń dúró tí òmíràn fi ń lọ. Ó ti kú tipẹ́ kí ìdáhùn tó dé.

Ẹni tó bá ń ta ayò mọ̀ pé kò sí ilé tó dára láti jẹ lásán. Èrè tàbí àdánù tí yóò tibẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ yóò ta. Lọ́dún 1973, John Maynard Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti George Price, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé irú ìṣirò yìí wọ inú ìmọ̀ ẹranko. Kì í ṣe pé ẹranko ń jókòó ṣírò. Ìwà tó bá ń jẹ́ kí ọmọ yè ni yóò máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, èyí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ yè yóò run pẹ̀lú ẹni tó ni ín.

Lọ́dún 1972, Robert Trivers ti fi hàn pé ohun tí òbí bá ná sórí ọmọ kan kò ṣe é ná sórí òmíràn mọ́. Lọ́dún 1977, Maynard Smith fi ìṣirò náà wo ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya: bí akọ bá lọ, ó lè rí abo mìíràn, ṣùgbọ́n bí abo kò bá lè dá tọ́ ọmọ, òfo ni ìrìn àjò rẹ̀. Abo náà ń dojú kọ irú ìṣirò kan náà. Ìdí nìyí tí ìdáhùn fi yàtọ̀ láti ẹ̀dá dé ẹ̀dá. Ẹyẹ kan wà tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé gúúsù, tí wọ́n ń pè ní jacana. Akọ rẹ̀ ló máa ń dá sàba, tó sì máa ń tọ́ ọmọ, tí abo á máa wá ọkọ mìíràn kiri.

Bí a bá fi ojú yìí wo ikán, ohun tí Marais rí á yéni. Ẹni tó bá ti bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè lọ mọ́. Ọ̀tá pọ̀ lóde, ọmọ sì wà nínú ilé. Dídúró ló lérè jù.

Ìnàkí Marais náà rí àlàyé. Ní Botswana, àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ irú ìnàkí kan náà rí i pé akọ tuntun tó bá gba ipò aṣáájú máa ń pa ọmọ ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ìyá wọn lè tètè ṣe tán láti gba akọ. Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ máa ń sá di akọ kan tó bá a ṣọ̀rẹ́, ẹni tó sábà máa ń ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá ọmọ, òun ni yóò sì dúró láàárín ọmọ àti apani. Ohun tó dà bí ọ̀rẹ́ lásán lójú ẹni tó ń wò jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí fún ọmọ náà.

Wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Láti ọdún 1923 ni Marais ti ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ikán jáde lédè Afrikaans, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ìwé ìròyìn Die Huisgenoot lọ́dún 1925 àti 1926. Ọdún 1925 gan-an ni Afrikaans ṣẹ̀ṣẹ̀ di èdè ìjọba ní Gúúsù Áfíríkà. Ìwọ̀nba èèyàn ló lè kà á lẹ́yìn odi.

Lọ́dún 1926, Maurice Maeterlinck, òǹkọ̀wé ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1911, gbé ìwé kan jáde lédè Faransé lórí ayé ikán. Ìlú Ghent ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch, ẹni tó bá sì gbọ́ Dutch lè ka Afrikaans. Marais figbe ta pé èrò òun, títí kan ilé ikán gẹ́gẹ́ bí ara kan ṣoṣo, ló wà nínú ìwé náà láìdárúkọ òun. Ó ronú láti pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n owó àti ọ̀nà jíjìn kò jẹ́. Awuyewuye náà kò tíì tán. Lọ́dún 2001, David Van Reybrouck, tóun náà jẹ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, kọ odindi ìwé kan lórí rẹ̀.

Ọdún 1926 yìí kan náà ni wọ́n gbé Marais lọ sí oko kan nítòsí Heidelberg, ìlú kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Johannesburg, kí ìdílé àgbẹ̀ kan lè bá a gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ morphine. Dókítà A. G. Visser, tóun náà jẹ́ akéwì, ló wà nídìí ètò náà. Lọ́dún 1977, wọ́n fi ìtàn oko yẹn ṣe fíìmù, gbajúgbajà òǹkọ̀wé eré Athol Fugard ló sì ṣe Marais nínú rẹ̀. Ìtọ́jú náà kò mú un lára dá pátápátá.

Johannesburg ló gbé orúkọ rẹ̀ dìde

Ìwé Marais lórí ikán, Die Siel van die Mier, jáde lọ́dún 1934. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí Winifred de Kok ṣe, jáde lọ́dún 1937. Òǹkọ̀wé náà kò rí i. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní Pelindaba ní ọdún tó ṣáájú, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí kò rí morphine.

Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1955, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Ardrey, wá sí Johannesburg láti bá Raymond Dart sọ̀rọ̀. Dart ni ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Witwatersrand tó kéde lọ́dún 1925 pé agbárí ọmọdé kan tí wọ́n wú ní Taung jẹ́ ti ẹ̀dá àtijọ́ tó wà láàárín ọ̀bọ àti èèyàn. Ìrìn àjò yẹn ló mú Ardrey kọwé lórí orísun ìwà ọmọ èèyàn, ó sì fi iṣẹ́ Marais han ayé. Nígbà tí ìwé Marais lórí ìnàkí, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún 50, jáde lọ́dún 1969 gẹ́gẹ́ bí The Soul of the Ape, Ardrey ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Marais sọ ló dúró. Kò sí ọkàn kan ṣoṣo tó ń darí ilé ikán. Òórùn tí ikán ń tú jáde ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí ọ̀kan bá sì ṣe sílẹ̀ ló ń sọ fún èkejì ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tó jà fún náà kò fún aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Afrikaans, èdè tó sọ di èdè ewì, wá di èdè ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, títí tí àwọn ọmọ ilé ìwé Soweto, ní Johannesburg, fi jáde lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976 láti sọ pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ àwọn. Ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó kù fún Marais ni pé ó ti jókòó wò kó tó sọ̀rọ̀, lákòókò tí àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ láìwò. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀bọ nínú igbó lónìí ń tẹ̀lé irú ọ̀nà tó gbà ní Waterberg.

Ní Pretoria, ìlú tí wọ́n bí i sí, ni wọ́n sin ín. Inú ibojì kan náà ni òun àti Lettie wà, ìyàwó tó kú lọ́jọ́ kẹjọ ìbímọ, ọdún 41 kí òun tó tẹ̀lé e.